Ohun Tó Wù Wá ní Èdè Jàpáànì

Nínú ìwé Minna no Nihongo, Ẹ̀kọ́ 13 ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń sọ ohun tí a fẹ́. Ẹ̀kọ́ 12 ni èèyàn ó ti là kọjá kó tó débẹ̀. Ó ti lè kí èèyàn, ó ti lè ka owó, ó ti lè sọ iye tí aago lù, ó ti lè sọ pé ìwé wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò tíì lè sọ pé òun fẹ́ mu omi. Genki, ìwé kejì tí ọ̀kan nínú wa ní, tilẹ̀ pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ó fi tai sí Ẹ̀kọ́ 11, ó wá gbé hoshii lọ sí Ẹ̀kọ́ 14, nínú apá kejì ìwé náà. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń kọ́ èdè yìí ti ń retí ibẹ̀ bí ẹni ń retí owó oṣù. Kí ni èèyàn tilẹ̀ ń kọ́ èdè fún bí kò bá lè fi tọrọ nǹkan?

Méjì nínú wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní LAUTECH, méjì wà ní Ọ̀yọ́, ní Yunifásítì Àjàyí Crowther. A kò ní tíṣà. Fóònù, dátà, ìwé àlòkù méjì, ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ó tán. Sátidé kan Ọ̀yọ́, Sátidé kejì Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó, wọ́n ní a fẹ́ jápa lọ sí Jàpáànì, nítorí orúkọ ìlú náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tẹ́lẹ̀. A kì í dá wọn lóhùn. Mọ́tò tó ń gbé gbogbo wa lọ gbé wa bọ̀ ní ọ̀nà bíi kìlómítà 50 yẹn, Toyota ni. Bó bá bàjẹ́ lọ́nà, ọ̀kadà tó ń gba èèyàn là, Suzuki tàbí Honda ni. Ta ni kò tíì bá Jàpáànì ṣe nǹkan pọ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí omi. Bí a bá fẹ́ omi, a ó ní, "Mo fẹ́ omi." Èmi ni olùwà, omi ni àbọ̀. Ará Jàpáànì yóò ní, Watashi wa mizu ga hoshii desu. Mizu ni omi. Ẹ wá wo ga tó tẹ̀lé mizu yẹn. Ga ni àmì tí wọ́n fi ń mọ olùwà. Omi ló di olùwà! Watashi wa tó ṣíwájú kò ju kí èèyàn ní "ní tèmi" lọ. Hoshii fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni, ìdílé kan náà ni òun àti akai, pupa, àti nagai, gígùn.

Àwọn fídíò olóyìnbó tí a ń wò máa ń pẹ́ lórí ibí yìí. Wọ́n á ní ó ta kókó, wọ́n á ní kí a sáà há a sórí bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni wa tó wà ní Under G ló pariwo sínú fóònù: "Ní tèmi, omi ló wù mí!" Ó parí.

Nínú "aṣọ yìí wù mí", aṣọ ló ń ṣe nǹkan, èmi ló ń ṣe é sí. Bí a bá sì rò ó síwájú, púpọ̀ nínú ohun tí Yorùbá ń fẹ́, kì í ṣe pé a lọ bá a, òun ló ń wá bá wa. Ebi ló ń pa wá. Òǹgbẹ ló ń gbẹ wá. Oorun ló ń kùn wá. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wá, pàápàá nínú bọ́ọ̀sì tó há sójú ọ̀nà. Àárò ilé ló ń sọ wá. Bí ẹnì kan bá sì jí lójú oorun ọ̀sán tí kò mọ ohun tí ara rẹ̀ ń bèèrè, á ní, "Ó ń ṣe mí bíi kí n mu ẹ̀kọ." Kí ni "ó" yẹn? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó sáà ń ṣe é ni.

Fẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ní òun fẹ́ nǹkan ti dìde sí i. A ń fẹ́ ìyàwó, a ń fẹ́ ọkọ, a ń mú àwọn ẹbí dání lọ tọrọ. Ẹni tí obìnrin kan wù lásán kò tíì fẹ́ ẹ, ó lè máa wù ú títí dọjọ́ alẹ́ kó má fẹ́ ẹ. Nǹkan kan sì lè máà wù wá rárá kí a fẹ́ ẹ. Ẹni tí àbẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù ń lọ gba àbẹ́rẹ́.

Fún ohun tí a fẹ́ ṣe, tai ni wọ́n ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nomimasu, mo ń mu. Ẹ yọ masu kúrò, ẹ fi tai rọ́pò rẹ̀, ó di nomitai, ó wù mí kí n mu. Tabemasu di tabetai, jíjẹ nìyẹn. Ikimasu di ikitai, lílọ. Mizu ga nomitai, mizu o nomitai, wọ́n ń sọ méjèèjì. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ìwà hoshii ni tai ń hù, ìdí rẹ̀ ló ń yí padà bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí: nomitaku nai, kò wù mí kí n mu; nomitakatta, ó wù mí tẹ́lẹ̀; nomitaku nakatta, kò tilẹ̀ wù mí nígbà náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ibí ló ti ń làágùn. Lọ ni lọ lánàá, lọ náà ni lọ lọ́la. Sátidé odidi méjì ni taku nakatta gbà lọ́wọ́ wa, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìlú kankan má baà rí ẹjọ́ rò.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ibi ìbọ̀wọ̀fágbà. A kì í bi àgbà tàbí ọ̀gá ní Jàpáànì pé nomitai desu ka, ṣé ó ń wù yín láti mu. Ó dà bí ẹni tó tọwọ́ bọ inú àgbà wò. Kōhī wa ikaga desu ka ni wọ́n ń wí: kọfí ńkọ́? Èyí kò nílò ògbufọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í bi àlejò pé ṣé òǹgbẹ ń gbẹ yín. Omi ló ń gbé wá, á kúnlẹ̀, á gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ń jẹun á ní "ẹ wá jẹun", ẹni tó ń kọjá á ní "á gba ibi ire", àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá fọwọ́. Ọmọ tó bá ní "mo fẹ́ jẹ ẹran" nílé onílé, ojú ni ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ fi bá a wí. Ìyókù di ilé.

Bí a bá sì lọ tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ àgbà, a kì í la "mo fẹ́" mọ́ wọn lórí. "Mo ní kí n bi yín ní nǹkan ni, sà." Ẹ gbọ́ "mo ní kí n" yẹn dáadáa. Bí ẹni pé a ti bá ara wa sọ ọ́ nílé, tí a wá ń ròyìn rẹ̀ fún wọn, tí wọ́n sì lè ní rárá láìsí ìjà. Àwọn ará Jàpáànì á ní o-kiki shitai n desu ga, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ga ìkẹyìn yìí kì í ṣe ga ti olùwà mọ́, "ṣùgbọ́n" ni. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ṣùgbọ́n. Ìyókù dọwọ́ ẹni tó ń gbọ́. Ní tiwa o, a kò rò pé ìlú méjì lè jìnnà síra wọn tó báyìí kí ìtìjú wọn tún jọra tó báyìí.

Ohun kan wà tí fẹ́ ń ṣe tí tai kò lè ṣe. Ní ọ̀dọ̀ wa, òjò fẹ́ rọ̀, ògiri fẹ́ wó, epo fẹ́ tán nínú mọ́tò, ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Kò sẹ́ni tó rò pé ògiri ní ọkàn; ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ là ń sọ. Ẹ kò lè gbé ìyẹn lọ sí Jàpáànì. Bí ẹ bá ní ame ga furitai, olùgbọ́ yín á rò pé àlọ́ ọmọdé lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ame ga furisō desu ni wọ́n ń sọ: ó jọ pé òjò á rọ̀. Ojú ni wọ́n fi wò ó. Wọn kò bá òjò dé inú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe òjò ni wọ́n ń ṣe èèyàn. Tai àti hoshii, ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni, tàbí ti ẹni tí a dojú ìbéèrè kọ. Ẹ kò lè ṣàdédé ní imōto wa ikitai desu, ó ń wu àbúrò mi láti lọ. Ta ló sọ fún yín? Ṣé inú rẹ̀ lẹ wà? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè ní ikitai to itte imasu, ó ní òun fẹ́ lọ. Tàbí kí ẹ so garu mọ́ ọn, ikitagatte imasu: ẹ ti rí i lójú rẹ̀, ẹ ti rí i nínú ìṣe rẹ̀. Hoshii náà á di hoshigatte imasu, ga tó wà lẹ́yìn nǹkan tí wọ́n ń fẹ́ á sì yí padà di o.

Yorùbá kò dí ọ̀nà yìí. Ẹ lè ní "ó wù ú" kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n a ní òun. "Ó ní òun fẹ́ lọ" kì í ṣe "ó ní ó fẹ́ lọ". Nínú èkejì, ẹlòmíì ló ń di ẹrù. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ya ìyẹn sọ́tọ̀. Bó bá sì jẹ́ àgbà, "wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ".

Orí ìyá ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Haha ni èèyàn ń pe ìyá rẹ̀ bó bá ń ròyìn rẹ̀ fún ará ìta. Okāsan, tó ní ọ̀wọ̀ nínú, ni ó ń pe ìyá oníyàá. Wọn kì í gbé ará ilé wọn ga lójú àlejò. Àwọn ló ni èdè wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sínú "ẹ" àti "wọ́n", kí ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ọlá pe ìyá rẹ̀, lójú àlejò! Ẹni wa kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Èkìtì kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní ní abúlé tiwọn, wọn kì í pe ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni pé ó pọ̀, ì báà jẹ́ àgbà, ayé kò sì tíì bàjẹ́ níbẹ̀.

Ní Sátidé kan a fún ara wa níṣẹ́: kí kálukú kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́, kó sì ní ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fẹnu sọ ọ́, to itte imasu. Bó bá jẹ́ pé a rí i ni, garu.

Bàbá rọrùn. Gbogbo bàbá wa ló ti sọ̀rọ̀. Chichi wa kuruma ga hoshii to itte imasu, bàbá ní àwọn fẹ́ mọ́tò. Àwọn àbúrò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn gan-an ni wọ́n ni garu. Otōto wa atarashii keitai o hoshigatte imasu: àbúrò mi ọkùnrin, ọ̀rọ̀ fóònù tuntun, ẹni tó bá dé ilé wa á ti rí i lójú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni bírò ti dúró. Nínú àwa mẹ́rin, kò sí ẹni tó lè kọ gbólóhùn mẹ́ta. "Ohun tó bá ti wù yín." "Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ." "Èmi ti jẹun." Ibo ni èèyàn ó fi to itte imasu sí nínú ìyẹn? A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá garu kiri. Ẹnì kan rántí pé ìyá òun máa ń dúró níwájú ìsọ̀ bàtà kan ní Àkẹ̀sán. Wọ́n á bèèrè iye rẹ̀, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á kọjá. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Haha wa kutsu o hoshigatte imasu. Ó kọ ọ́, ó wá ṣírò iye bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Kò ju owó dátà rẹ̀ fún oṣù méjì lọ.

Ẹnì kan wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ yìí kan ju àwa yòókù lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, LAUTECH ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọdún ìkẹyìn. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Jàpáànì tí wọ́n ń pè ní MEXT ló ń lé. Ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní Àbújá ni ìwé rẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń san owó bàálù, wọ́n ń fún èèyàn lówó oṣù. Kò pọn dandan kí èèyàn gbọ́ èdè wọn kó tó kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní lọ máa gbé láàárín èèyàn tí òun kò lè tọrọ omi lọ́wọ́ wọn. Bàbá rẹ̀ ti sọ tirẹ̀: kó lọ, kíá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti wà ní Kánádà, kò tíì wálé rí láti ìgbà tó ti lọ. Ìyá nìkan ni kò tíì sọ nǹkan kan. Àdúrà ni wọ́n ń gbà sí i. A jiyàn títí bóyá àdúrà ṣe é kà sí to itte imasu. Ìbò pín sí méjì-méjì.

Ó délé lọ́jọ́ Àìkú, ó bá màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó tì wọ́n, ó ní: "Mo ní kí n bi yín ní nǹkan ni, mà. Ìrìn-àjò yìí, kí ni ẹ̀yin alára fẹ́?" Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó ní:

"Mo fẹ́ kí o lọ. Kò wù mí kí o lọ."

Wọ́n wá ní kó bá àwọn gbé ìkòkò wá.

Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá. Ẹ wá bá wa gbé e sí èdè Jàpáànì. Te hoshii ni wọ́n fi ń sọ ohun tí a fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe. Kò sí nínú Ẹ̀kọ́ 13, a lọ wá a níwájú ni. Itte hoshii, kí o lọ ni mo fẹ́. Itte hoshiku nai, n kò fẹ́ kí o lọ. Bí a bá to méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ ọ̀tún tó tún ń sọ òsì, màmá kò sì sọ ọ̀tún sọ òsì. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a yọ ìdajì kejì kúrò, kí a fi samishii síbẹ̀, pé yóò ṣe wọ́n bí ẹni tó dá wà. Èkejì kọ̀. Ó ní ṣé màmá ní yóò ṣe àwọn bẹ́ẹ̀? Kí a má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu.

Ẹni tó ń lọ fúnra rẹ̀ ló tú u. Ó ní nílé tiwọn, "mo fẹ́ kí o" láti ẹnu ìyá, kì í ṣe ìfẹ́-inú, àṣẹ ni. "Mo fẹ́ kí o fọ abọ́ yẹn" kò dúró de èsì ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ìyá sì wà ní èdè Jàpáànì, nasai ni: tabenasai, jẹun, nenasai, lọ sùn. Nítorí náà, Ikinasai. Itte hoshiku nai. Ẹnì kan fẹ́ fi kedo, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé", so wọ́n pọ̀ kó lè dùn-ún gbọ́. A kò gbà fún un. Màmá kò so wọ́n pọ̀. Wọ́n fi àmì ìdánudúró sí àárín.

Ẹni wa kan láti Àjàyí Crowther wá mú ìtàn ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn jáde. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoogùn, kò sì jìnnà sí wa níbí. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó di ọ̀kan lára ìwé tí gbogbo wa gùn lé lórí. Ọdún 1846 ló tó padà fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìtùnú ni ẹni tó sọ ọ́ rò pé òun ń ṣe. Ẹni tó ń lọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Crowther kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ìwé náà ti dé Àbújá. Wọ́n bèèrè ètò ìwádìí rẹ̀, ó kọ ọ́ lórí ilẹ̀ oko; wọ́n bèèrè èsì ìdánwò, ó fi ránṣẹ́. Kò sí àyè kankan lórí fọ́ọ̀mù náà fún gbólóhùn màmá, bí a tilẹ̀ ti tú u sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tó kọ gbólóhùn bàtà ti ra bàtà. Ìyá rẹ̀ bá a jà lórí owó tó ná, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn.

Ẹ̀kọ́ 14 la wà báyìí, te kudasai: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí fèrèsé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀yọ́ ni Sátidé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá bá wa, kó mú ìwé àti bírò dání, kó sì ti há hiragana 46 sórí. Ẹni tó bá sì ń wù lásán, a kò ní lé e.